Ọlọ́pàá Tó Kú Sẹ́nu Iṣẹ́: Ẹjọ́ Tí A Fẹ́ Kí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ Gbọ́

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìbínú ló bí ìwé yìí, a kò sì ní fi í pamọ́.

Ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá pa ọlọ́pàá kan lẹ́nu iṣẹ́, fídíò òkú rẹ̀ a ti dé orí fóònù kí ìyàwó rẹ̀ tó gbọ́. Ní ìdí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Tákìé l'Ógbómọ̀ṣọ́, ní ibùdókọ̀ Owódé l'Ọ̀yọ́, wọn a máa na fóònù láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹnìkan a ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ẹlòmíràn a ní, "Ẹ̀san ló ké." Ọmọdé tó ń kiri omi inú ọ̀rá a yọjú wò ó, a rí ẹ̀jẹ̀, a rí bí àwọn àgbà ṣe ń rẹ́rìn-ín, a sì gbé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ sílé. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ta ni ọkùnrin náà, kí ló ń ṣe níbẹ̀, ta ló pa á. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìjọba kò sì sàn ju àwa ojú pópó lọ. Ọ̀gá kan a bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ pé wọ́n máa wá àwọn ọ̀daràn náà rí. Wọn a yìnbọn sókè níbi ìsìnkú. Lẹ́yìn náà ni opó á wá bẹ̀rẹ̀ ìrìn. A mọ ọ̀kan nínú wọn. Inú ọ̀rá dúdú kan ló kó gbogbo ìwé ọkọ rẹ̀ sí: ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, fọ́tò pélébé, ìwé tí kóòtù fún un pé òun ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún. Ó ti ṣe ẹ̀dà wọn, ó ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà wọn, títí ojú ọkọ rẹ̀ fi di dúdú lórí bébà, tí èèyàn kò lè dá a mọ̀ mọ́. Ní ọ́fíìsì kan, wọ́n ní ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé yìí kò bá ti ìwé tọ̀hún mu, kó padà sílé. Yàrá tí òun àtàwọn ọmọ ń gbé ní báráàkì, wọ́n ti sọ fún un pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbà á.

Ohun tó mú ọkàn wa le tó báyìí kò ṣókùnkùn sí ẹnì kankan. Rìbá ojú ọ̀nà, ìgbájú, àtìmọ́lé aláìṣẹ̀, béèlì tí wọ́n kọ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni tí a sì ń sanwó rẹ̀, SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 láti kojú adigunjalè tó wá ń kojú ọmọ tó gbé kọ̀ǹpútà dání. Ẹ ti mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọjá síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni èsì kan tí wọ́n máa ń sọ sí wa lójú bí a bá ti la ẹnu: "Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ pa ọmọ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń dárò ọlọ́pàá, níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n ń yìnbọn fún wa?"

Ibí la wà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọlọ́pàá kojú àwọn tó ń wọ́de EndSARS. Ní ọjọ́ kejì, Mohammed Adamu tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà kéde pé òun ti tú SARS ká. Ìkéde náà kò pa iná Ògbómọ̀ṣọ́. Èrò ya wọ ààfin Ṣọ̀ún, wọ́n ba ibẹ̀ jẹ́, ẹ̀mí mìíràn sì tún bọ́. Gómìnà Makinde wá kẹ́dùn, ó sì ṣèlérí 100 mílíọ̀nù náírà fún àtúnṣe ààfin. Àwa ń sọ ọ́ ní gbangba: ọmọ yẹn kò yẹ kó kú, ẹni tó bá sì pa á gbọ́dọ̀ dúró níwájú adájọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìwé yìí bo ìyẹn mọ́lẹ̀, kó dá ìwé wa padà fún wa.

Ṣùgbọ́n níbo ni ikú ọmọ yẹn ti sọ pé kí á dáná sun ọlọ́pàá mìíràn? Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní Ìbàdàn, èrò ká ọlọ́pàá mọ́, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ṣé àwọn wọ̀nyẹn ló yìnbọn l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni? Ta ló béèrè? Àwọn tó dúró yí iná ká tí wọ́n ń ya fídíò, ikú ta ni wọ́n ń gbẹ̀san rẹ̀? Ọlọ́pàá 22 ni Adamu sọ pé wọ́n pa jákèjádò Nàìjíríà nínú rògbòdìyàn oṣù yẹn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí adájọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kó tó kú. Ẹ̀yin èèyàn, ohun tí a torí rẹ̀ bá SARS jà gan-an nìyẹn! Pé ẹnìkan ń pa ẹnìkan láìsí ẹjọ́, láìsí adájọ́, kí wọ́n sì ní ó jẹ̀bi. A gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ SARS, a ń ṣe é fúnra wa, a wá pè é ní ẹ̀san.

Àwọn ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de yẹn lóye ju àwa tó ń rẹ́rìn-ín lọ. Ohun márùn-ún ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Mẹ́rin jẹ mọ́ ìdájọ́ òdodo fún àwọn tí wọ́n mú, àwọn tí wọ́n pa, àti àwọn ọlọ́pàá tó ṣìwà hù. Ìkarùn-ún ni pé kí ìjọba fi kún owó oṣù ọlọ́pàá. Àwọn tí ìbọn ń lé kiri ló kọ ìyẹn! Wọ́n mọ̀ pé ọlọ́pàá tí ebi ń pa, tí kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ bí òun bá kú, ìbọn ọwọ́ rẹ̀ léwu fún gbogbo wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní ọmọ EndSARS tí ẹ ń yọ̀ lórí òkú ọlọ́pàá, ẹ tún ìwé tiyín kà.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀san náà kì í ṣe ẹni tó ṣe é lóore. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 1985, ìyá kan tó ń jẹ́ Cynthia Jarrett kú nígbà tí ọlọ́pàá ń tú ilé rẹ̀ wò ní Tottenham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgboro dàrú ní alẹ́ ọjọ́ kejì, èrò sì ṣá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Keith Blakelock pa. Àwọn panápaná ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣọ́. Wọ́n dá mẹ́ta lẹ́bi ní 1987. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tú wọn sílẹ̀, nítorí ìwé tí ọlọ́pàá ní òun fi gba ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Wọ́n tún gbé ẹlòmíràn lọ síwájú adájọ́ ní 2014, wọ́n ní kò jẹ̀bi. Ẹ wò ó dáadáa: ẹbí ìyá náà kò rí ìdájọ́, opó ọlọ́pàá náà kò rí ìdájọ́. Èrò tó pa ọlọ́pàá náà kò ṣe ìyá náà lóore. Ẹ̀rí ọlọ́pàá tí kò ṣeé gbára lé kò sì ṣe opó náà lóore.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2018, adigunjalè wọ Ọ̀fà, tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í ṣe báńkì ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Àgọ́ ọlọ́pàá ni. Wọ́n pa ọlọ́pàá mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò dá wọn dúró mọ́ ni wọ́n wá kọjú sí báńkì, tí wọ́n ń pa oníbàárà àti ẹni tó ń kọjá lọ. Èèyàn 33 ló kú lápapọ̀. Ẹni tó bá ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí ọlọ́pàá ṣubú, kó rántí ẹni tí ìbọn kàn tẹ̀ lé e l'Ọ̀fà. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga Kwara tó dájọ́ ikú fún àwọn márùn-ún tó kù nínú ẹjọ́ náà. Ọdún mẹ́fà lé! Ọmọ tó wà ní ìkókó lọ́jọ́ tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ ti ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó gbọ́ ìdájọ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá kò nílò olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìbínú èrò. Ní 1969, nígbà rògbòdìyàn owó orí, èrò pa Ṣọ̀ún, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. Owó orí nira lóòótọ́. Ta ló tíì lè sọ títí dòní pé ikú ọba náà mú nǹkan rọrùn?

Àwọn kan tún ń sọ pé iṣẹ́ tí ọlọ́pàá yàn fúnra rẹ̀ ni, ó mọ̀ pé ikú wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ṣètò owó fún ẹbí rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè nìyí.

Èkíní, kí ìwádìí ikú máa wáyé ní gbangba níwájú adájọ́ nígbàkúùgbà tí ọlọ́pàá bá kú sẹ́nu iṣẹ́, àti nígbàkúùgbà tí ará ìlú bá kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Àwọn méjèèjì, lábẹ́ òfin kan náà, nínú iyàrá kóòtù kan náà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin ìwádìí ikú tirẹ̀ láti 2007. Kì í ṣe ohun tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lálàá rẹ̀. Kí ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Kí dókítà tó yẹ òkú wò wá sọ ohun tó rí. Kí ọ̀gá tó rán ọlọ́pàá náà níṣẹ́ wá sọ ìdí tó fi rán an láìsí ẹ̀wù ayẹta, bó bá jẹ́ pé kò sí lọ́rùn rẹ̀. Kí ẹbí lè béèrè ọ̀rọ̀. Bí orúkọ àti ìtàn ẹni bá ti hàn ní kóòtù, yóò nira fún wa láti máa fi òkú rẹ̀ ṣeré orí fóònù. Bí ará ìlú bá sì rí i pé ikú ọmọ tiwọn náà gba ojú kan náà, ẹnu àwọn tó ń pariwo ẹ̀san á dákẹ́. Láìsí ìwádìí ikú ti ará ìlú, a kò fẹ́ ti ọlọ́pàá.

Ìkejì ni owó. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ti sọ ọ́ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, èyí tí kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ owó tó ń gbà lọ́dún. Owó opó ni owó yìí, kì í ṣe àánú. Kí ló dé tí òun ni yóò máa sá tẹ̀ lé e? Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú, ṣebí ọwọ́ ìjọba ló ti jáde. Bí ọjọ́ ìbí kò bá bára mu, ìjọba ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ìjọba tún un ṣe. A fẹ́ kí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yan òṣìṣẹ́ kan sí Ọ̀yọ́, kó yan òmíràn sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gbé fáìlì ẹni tó kú dé Abuja kí owó sì dé ọwọ́ ẹbí. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọlọ́pàá, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ará Ọ̀yọ́ ni opó náà.

Àwọn yòókù: kí ẹnikẹ́ni má lé opó kúrò ní báráàkì kí owó rẹ̀ tó pé lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ san owó ilé ìwé àwọn ọmọ náà. Ẹ̀wù ayẹta fún ẹni tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóru, àti epo sínú ọkọ̀ wọn. Ètò kan náà fún ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn. Kí wọ́n dá àwọn tó fẹ̀yìn tì lóhùn, àwọn arúgbó tó wọ́de l'Abuja ní oṣù keje ọdún 2025 pé kí wọ́n yọ ọlọ́pàá kúrò nínú ètò ìfẹ̀yìntì tí sójà ti jáde nínú rẹ̀ láti 2011. Kí àwọn ọba, àlùfáà àti ìmáàmù wa máa lọ síbi ìsìnkú ọlọ́pàá, kí wọ́n sì máa lọ síbi ìsìnkú ẹni tí ọlọ́pàá pa. Kí ìjọba tẹ àbájáde ìgbìmọ̀ olùwádìí tó jókòó ní Ìbàdàn lẹ́yìn EndSARS jáde lódindi ní èdè Yorùbá, kí ó wà ní gbogbo sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, òfin ìwádìí ikú, kò nílò kí á dúró de Abuja. Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lè kà á nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó di ìdìbò 2027. Ẹ̀yin tó ń ṣojú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, èwo nínú yín ló máa gbé e dìde?