Ta Ni Ẹ Kọ Ìwé Náà Fún?

Bí ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n ní ọ̀dọ́langba ni wọ́n kọ ọ́ fún bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí. Bí mo bá bá ìbéèrè níbẹ̀, “Ẹ̀kọ́ wo ni o rí kọ́ nínú orí yìí?”, mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń ṣètò ìdánwò ni wọ́n kọ ọ́ fún. Bí mo bá wá padà síwájú, tí mo bá àwòrán olóṣèlú kan àti ọ̀rọ̀ ìyìn láti ẹnu ẹni tí kò ka ìwé náà rárá, mo ti mọ ẹnìkejì tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò sí níbẹ̀.

Èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ọ̀dọ́langba, kó kọ ọ́ ní Yorùbá, kó má fi ìwàásù parí rẹ̀, kó má ṣe ìfilọ́lẹ̀ fún un, kó má sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá òun fi í sínú ìwé tí WAEC yàn. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan á bí.

Ẹ wo Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bítúmẹ̀nì ń sun jáde nínú ilẹ̀ níbẹ̀ láìsí ẹni tó fà á. Bí oòrùn bá mú, á rọ̀, á máa ṣàn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti gbẹ́lẹ̀ kiri agbègbè yìí kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, tí iṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà, ìlérí ń gun ìlérí, ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, Nàìjíríà sì tún ń ra ọ̀dà tó fi ń ṣe títì láti òkè òkun. Ọmọ tó bá dàgbà síbẹ̀, orí ìtàn ló ń rìn. Bàbá kan wà tó ti ná owó ilẹ̀ tí kò tíì gbà. Àlejò kan dé pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó rán òun. Ọmọkùnrin méjì rí nǹkan létí odò Olúwa, wọ́n sì mulẹ̀ pé àwọn kò ní sọ. Àròsọ ni mo ń sọ o, àmọ́ ẹ rí i pé n kò tíì rìn jìnnà kí n tó rí wọn. Ní Ọ̀rẹ̀ tó wà nítòsí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra wọ dé ní 1967 kí wọ́n tó lé wọn padà. Títí dòní a ṣì ń fi ìjà Ọ̀rẹ̀ pòwe, àwọn tó fojú rí i sì ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí wá ni òǹkọ̀wé tuntun ń kọ? Ọmọbìnrin kan kò gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, ó lóyún, ayé rẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́ràn, ó di dókítà. Ó tán. Ojú ìwé kẹta ni ọmọ ti mọ ìparí rẹ̀, ó sì ti padà sídìí fóònù.

Wọ́n á ní, “Fágúnwà ńkọ́?” Ìbéèrè tó dára ni. Ọmọ Òkè-Igbó ni, ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, tíṣà ni, ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn ṣe ní 1936 ló kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ fún, CMS tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938, ilé ẹ̀kọ́ ló sì gbé e káàkiri. Ó ń wàásù lemọ́lemọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó kà á ní kékeré pé kí ló rántí. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún ni yóò dárúkọ, tàbí Kàkó. Kò sí ẹni tó máa ka ìwàásù kankan níbẹ̀ fún yín lórí. Àwọn tó ń tẹ̀lé Fágúnwà lónìí mú ìwàásù, wọ́n fi igbó sílẹ̀.

Àwọn tó ṣe sẹ́kọ́ńdìrì láyé ọjọ́sí sì mọ ọ̀wọ́ ìwé ìtàn Pacesetters. Macmillan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1977 pẹ̀lú Director! tí Agbo Areo kọ. Abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti ń kà á bí tíṣà ṣe ń kọ nǹkan sójú pátákó. Ẹnìkan kò tíì kà á tán, ẹlòmíì ti ń dúró dè é. Gẹ̀ẹ́sì ni, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn, nítorí kì í ṣe pé Yorùbá kò lè ṣe irú rẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní 1974, ìtàn ìfẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kò sì sí ẹni tó kà á tí kò fẹ́ mọ èwo nínú àwọn obìnrin inú rẹ̀ ni Àjàní máa fẹ́. Ṣáájú rẹ̀ pátápátá, láàárín 1929 sí 1930, Isaac Thomas ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, àwọn òǹkàwé sì ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ìdánwò wo ló ní kí wọ́n kà á?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìfilọ́lẹ̀ wàyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé kú sí. Wọ́n ta kánópì, wọ́n to àga, wọ́n pe alága ọjọ́ náà àti olùfilọ́lẹ̀ àgbà. Olùfilọ́lẹ̀ dìde, ó ní òun, ìyàwó òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun fi iye báyìí ra ẹ̀dà mẹ́wàá. Wọ́n pàtẹ́wọ́, onílù dá sí i. Owó tó wọlé ju ohun tí òǹkọ̀wé san fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú lọ, inú rẹ̀ dùn, ó gbé páálí tó kù lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọ̀dọ́langba wà níbẹ̀ ṣá o. Àwọn ló ń pín píọ̀ wọ́tà.

Èyí tí kò bá gba ọ̀nà ìfilọ́lẹ̀ á gba ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á ka owó ìwé mọ́ owó ilé ẹ̀kọ́, ọmọ á rà á tipátipá. Ìyẹn kì í ṣe òǹkàwé. Agbowó-orí ló mú un.

Ẹni tó sì gbójú lé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba, ṣé ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò fini lọ́kàn balẹ̀: ìkànnì ìtàwé OkadaBooks tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé sá lọ bá kógbá sílé ní ìparí oṣù kọkànlá 2023.

Ohun tí èmi máa ṣe rèé. Màá kó ìwé àfọwọ́kọ mi lọ bá àwọn ọmọ Agbabu, láìsọ pé èmi ni mo kọ ọ́, kí wọ́n máa kà á sókè fún ara wọn. Ojú ìwé tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yán, màá gé e. Ibi tí ọmọ ibẹ̀ bá ní “a kì í sọ ọ́ báyìí níhìn-ín”, ohùn rẹ̀ ni màá fi sílẹ̀, kódà bí kò bá bá ti ìwé mu. Màá bẹ rédíò OSRC ní Àkúrẹ́ kí wọ́n kà á lórí afẹ́fẹ́ ní orí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni màá tẹ ìwọ̀nba ẹ̀dà, pẹ̀lú nọ́ńbà ISBN láti National Library, kí iye rẹ̀ má ju abọ́ ìrẹsì kan lọ, màá sì tà á ní Ọ̀rẹ̀, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ojú ọ̀nà Èkó sí Benin ti ń dúró jẹun.

Àwọn òbí kan á ní ìwé tí kò ní ẹ̀kọ́ á ba ọmọ jẹ́. Ọmọ tó ń kiri ọjà ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀ lóru? Ohun tó ti rí níbẹ̀, kò sí ìwé tí yóò fi í pamọ́ fún un mọ́.

Owó ńkọ́? Kò ní sí lọ́dún àkọ́kọ́, bóyá lọ́dún kejì pẹ̀lú. Ẹni tí ìyẹn kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ kọ ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn WAEC. Ìyẹn ń tà wàràwàrà, kò sì ní kó o ní ìtàn kankan.