Ojú Ilé Oníṣẹ́ Púpọ̀
Àwọn àgbà ní ẹni tí ó lé eku méjì á pòfo. Síbẹ̀ Àjàyí Crowther, tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845, jẹ́ àlùfáà, òǹtumọ̀ Bíbélì àti òǹṣèwé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Olúwa ni òpó tí ó gbé gbogbo rẹ̀ ró.

Kí àwọn ọ̀dọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983, kọ́gbọ́n níbẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣe ìkànnì ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí gbogbo ọjà bá dí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, oníbàárà yóò kọjá lọ. Kí orúkọ àti olórí iṣẹ́ kan ṣáájú. Kí ìyókù ní yàrá tirẹ̀ nínú ilé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbanisíṣẹ́ ń wò.