Ẹ Wo Bẹ́ǹṣì Aláìsàn Kí Ẹ Tó Yan Ẹ̀ka Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Lomé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Aboyún kan di ìwé ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ àyà. Wọ́n ń we ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ bàbá arúgbó kan lápá. Ọmọkùnrin kan tó ń wa ọ̀kadà zémidjan na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dì sójú ọ̀nà, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń yà fún un. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bẹ́ǹṣì yìí ni kó kọ́kọ́ kà kó tó ka ìwé.

Ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ti yege ìdánwò BAC, ohun tí ọmọ aládùúgbò kọ́ la ó ní kí òun náà lọ kọ́. Bẹ́ẹ̀, àwa Yorùbá tí à ń tajà ní Asigamé, ọjà ńlá Lomé, mọ̀ pé ohun tí oníbàárà ń béèrè tí kò rí rà là ń wá kiri. Kí ló dé tí a kì í fi ọgbọ́n ọjà yìí yan iṣẹ́ fún ọmọ?

Bí iṣẹ́ nurse practitioner, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó kàwé kún un láti máa yẹ aláìsàn wò fúnra rẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní 1965, ní Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì Loretta Ford àti dókítà Henry Silver rí i pé dókítà kò tó fún àwọn ọmọdé tó nílò ìtọ́jú, wọ́n wá kọ́ nọ́ọ̀sì láti máa yẹ̀ wọ́n wò. Àìní ló ṣáájú, orúkọ ló tẹ̀lé e. Ní Togo, assistant médical ló súnmọ́ ọn jù. Yunifásítì Lomé ní ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn.

Ibo wá ni àìní wà lọ́dọ̀ wa? Ẹ wo aboyún yẹn. Láti 2021 ni ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Wezou ti ń bá aboyún gbé lára owó ìtọ́jú. Oṣù kìíní 2024 sì ni ètò adójútòfò ìlera AMU bẹ̀rẹ̀. Bí owó bá fúyẹ́, èrò á pọ̀ sí i, wọ́n á sì nílò agbẹ̀bí tó máa gbà wọ́n. Bí ìbí bá wá di ti iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, dókítà kọ́ ló ń kun ni lóorun, òṣìṣẹ́ tó kọ́ ẹ̀ka náà ni. Bí kò bá sí, ọ̀bẹ ò lè kan ara.

Ọmọ oní-zémidjan ńkọ́? Bí wọ́n bá tú símẹ́ńtì tán, kiné, ẹni tó ń fi ìdárayá wo ara sàn, ló máa kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti tún rìn. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá rọ bàbá arúgbó yẹn lápá lẹ́sẹ̀, ọ̀dọ̀ kiné yìí náà ni wọ́n ń gbé e bọ̀. ENAM, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Lomé, ti ń kọ́ àwọn kiné tipẹ́, títí kan àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá.

Ẹni kan wà tí kò sí lórí bẹ́ǹṣì, torí àwọn ará ilé rẹ̀ ń tijú: ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dààmú. Ilé ìwòsàn ìjọba fún un wà ní Zébé, lẹ́bàá Aného. Àwọn ọ̀dọ́ ń sá fún ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ yìí, ìdí nìyẹn tí ààyè fi wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé nọ́ọ̀sì tí ayé ń wá kù tó mílíọ̀nù 5.9. Ìyẹn ò ní kí ìjọba gba ọmọ yín síṣẹ́ lọ́la. Concours, ìdánwò ìdíje, ni wọ́n fi ń mú òṣìṣẹ́, àwọn tí wọ́n ń mú sì níye. Kí ẹ tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ kankan, ẹ béèrè: ṣé ìjọba fọwọ́ sí i? Ibo ni àwọn tó jáde níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ta ní ń san owó oṣù wọn? Ẹni tó bá sì ń fojú sí Amẹ́ríkà, kó mọ̀ pé ó di ìgbà tó bá yege ìdánwò NCLEX kó tó lè di nọ́ọ̀sì níbẹ̀, kó tó wá kàwé kún un láti di nurse practitioner.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí ọmọ náà lọ kí nọ́ọ̀sì àgbà kan, kó bi í pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, irú aláìsàn wo ló ń dúró pẹ́ jù níbí, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ìtọ́jú rẹ̀?” Ìbéèrè yẹn ò gbowó. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta lórí ẹ̀ka tí kò lọ́jà ló wọ́n.