Ọ̀rọ̀ bọ́ńpà róbọ́ọ̀tì: ẹ jẹ́ kí káfíńtà àti télọ̀ Fìdítì dá sí i

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ bí. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, inú sì ń bí mi.

Lọ́gbẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n pè mí kí n wá ya fídíò níbi ìdíje róbọ́ọ̀tì àwọn ọmọ iléèwé kan n'Íbàdàn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbé róbọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sínú àpótí ìwọ̀n. Tí ò bá wọ inú ẹ̀, kò sí eré. Ti àwọn ọmọ kan ò wọ̀ ọ́. Kí ló yọ síta? Irin kan péré lẹ́yìn, kò gùn tó ìka kékeré mi. Wọ́n wá ayùn irin kiri títí àkókò wọn fi lọ. Ọmọbìnrin kan nínú wọn jókòó sílẹ̀, ó gbé róbọ́ọ̀tì náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ tára ẹ̀ ò yá. Mi ò lè ya fídíò ìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí olùkọ́ wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà: "Àǹtí, férémù lásán ni. Kóòdù wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Férémù lásán kẹ̀? Férémù tó lé ọmọ kúrò nínú ìdíje?

Ibi tí mo dúró sí rèé: gbogbo owó àti ọgbọ́n la ń kó sórí kọ̀ǹpútà, a wá fi ara róbọ́ọ̀tì sílẹ̀ di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ara yẹn jù sì wà ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tó pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdíje tí òfin ara róbọ́ọ̀tì rẹ̀ le jù lójú mi ṣàlàyé. FIRST Robotics Competition ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1992. Ọmọ àǹtí mi tó wà ní Texas ló ń ṣe é, òun ló fi ìwé òfin 2024 ránṣẹ́ sí mi. Róbọ́ọ̀tì wọn kì í ṣe ohun ìṣeré o. Ní 2024, ó lè wúwo tó pọ́n-ùn 125, láìka bátìrì àti bọ́ńpà mọ́ ọn. Àpò sìmẹ́ńtì kan ò tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà irú ẹ̀ ló ń sáré lórí pápá kan náà, mẹ́ta ń bá mẹ́ta jà.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí róbọ́ọ̀tì wọ bọ́ńpà. Lábẹ́ òfin 2024, igi plywood tó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, tó ga tó íǹṣì 5. Fóòmù róbótó gbọọrọ tí àwọn ọmọ òyìnbó fi ń léfòó nínú omi, méjì lórí ara wọn. Kí wọ́n wá fi aṣọ tó yi bò ó, pupa tàbí búlúù, kí nọ́ńbà ẹgbẹ́ hàn gbangba lára ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ga ju íǹṣì 7 ààbọ̀ lọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi sọ bó ṣe máa ga tó? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí mọ́tò kékeré bá kọlu ìdí tírélà. Bọ́ńpà ò pàdé bọ́ńpà. Abẹ́ ni mọ́tò ń wọ̀. Òfin yẹn kàn ní kí bọ́ńpà máa pàdé bọ́ńpà ni.

Ti férémù ńkọ́? Wọ́n á fi okùn yí i po bí télọ̀ ṣe ń fi tépù yí ìdí èèyàn po. Lọ́dún yẹn, kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 120 lọ.

Mo túmọ̀ ojú ìwé yẹn sí Yorùbá, mo gbé e tọ bàbá káfíńtà kan lọ níbí ní Fìdítì, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ọsàn àti máńgòrò fáwọn ọlọ́kọ̀. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò tíì fọwọ́ kan ayùn tí wọ́n fi bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ló máa gbá a?" Mo ní róbọ́ọ̀tì mìíràn ni. Wọ́n ní, "Igun ńkọ́? Igun ni nǹkan ti máa ń kọ́kọ́ já."

Ẹ wá wo ìwé òfin: ó ní kí wọ́n dáàbò bo igun, kí fóòmù kún ojú oríkèé ibẹ̀, kí nǹkan líle má hàn síta. Bàbá tí ò rí róbọ́ọ̀tì rí!

Àǹtí télọ̀ tó wà lódìkejì ní tiwọn béèrè pé ṣé àwọ̀ kan náà làwọn ọmọ máa wọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Mo ní rárá o, wọ́n lè jẹ́ pupa báyìí, kí wọ́n di búlúù tó bá yá. Wọ́n ní, "Ṣé wàá máa tú gbogbo ẹ̀ ni? Jẹ́ n rán an lójú méjì, kẹ́ ẹ kàn ṣí i dà." Mo pariwo. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Mi ò ní purọ́ fún yín, bọ́ńpà tiwa ò ní yege. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì la lò, òfin 2024 ò gbà á. Orí igi kan sì jìnnà sí férémù ju ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì lọ. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, bàbá ò bá mi jiyàn rárá. Wọ́n tú u, wọ́n tún un kàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa ní kí wọ́n bá yín bẹ aláyẹ̀wò.

Ẹnì kan ti wọ DM mi: "Iléèwé tí ò ní àga, róbọ́ọ̀tì lò ń sọ." Òótọ́ ni, àga ò tó, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì kéré. Ṣùgbọ́n káfíńtà tó ń kan àga náà ni mo ní kẹ́ ẹ pè. Ẹ̀kù plywood ni mo ń sọ, mi ò sọ mílíọ̀nù.

Ẹ má sì sọ pé bọ́ńpà Amẹ́ríkà ò kàn wá. World Robot Olympiad ò béèrè bọ́ńpà, ṣùgbọ́n níbi RoboMission wọn, sẹ̀ǹtímítà 25 lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni róbọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ mọ kó tó gbéra. Ní FIRST Global, tí Nàìjíríà lọ ní Washington ní 2017, irinṣẹ́ kan náà ni wọ́n pín fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọgbọ́n tó o fi tò ó láìkọjá òfin ló kù.

Òfin náà sì máa ń yí padà o. Ní 2025, pọ́n-ùn 125 yẹn ti di 115. Síbẹ̀ ẹ máa rí kóòṣì tó ń lo PDF tẹ́nì kan fi sórí WhatsApp lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, sà.

Ohun kan kù tó ń gbé mi nínú. Lọ́jọ́ ìdíje yẹn, àwọn ọmọkùnrin ló di kọ̀ǹpútà mú. Wọ́n ní káwọn ọmọbìnrin "ṣe róbọ́ọ̀tì lọ́ṣọ̀ọ́." Ọmọ tó gbé e lé itan yẹn sọ fún mi pé òun ti rí irin yẹn láti ilé, òun sọ, wọ́n ní kó má dá wọn dúró. Ìbá ṣe pé iṣẹ́ férémù jẹ́ iṣẹ́ gidi lójú wọn, ẹni tó ń di tépù mú ni wọn ì bá gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń kó ọmọ mẹ́fà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá, ọmọbìnrin mẹ́rin, ọmọkùnrin méjì. Ìwé òfin la máa kọ́kọ́ kà. Bàbá ní kí n bá àwọn wá fóòmù róbótó yẹn, àwọn ò fẹ́ ti bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, Dùgbẹ̀ ni o, Gbági ni o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sábẹ́ ibí.