Kíké Al-Kùránì Kì í Ṣe Èròjà Orin

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí, ní ọdún 1981, David Byrne àti Brian Eno gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan jáde. Àwọn kọ́ ló kọrin inú rẹ̀. Ohùn ẹlòmíràn ni wọ́n kó jọ láti orí rédíò àti rẹ́kọ́ọ̀dù, ohùn oníwàásù, ohùn akọrin Lárúbáwá, wọ́n sì fi ìlù àti ẹ̀rọ gbè é. Wọ́n pè é ní My Life in the Bush of Ghosts, orúkọ ìwé tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé jáde ní 1954. Àwọn fúnra wọn jẹ́wọ́ pé àwọn kò tíì ka ìwé náà nígbà yẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn orin náà ń jẹ́ "Qu'ran". Ohùn àwọn Mùsùlùmí Àlùjéríà tó ń ké Al-Kùránì ni wọ́n ki ìlù bọ̀ lábẹ́. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kò tọ́. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n tún rẹ́kọ́ọ̀dù náà tẹ̀ ní 2006, orin náà kò sí níbẹ̀.

Àwọn alárìíwísí kan yin iṣẹ́ náà pé ó la ọ̀nà tuntun. Àwọn kan béèrè pé ta ló fún wọn láṣẹ láti mú ohùn onígbàgbọ́ ṣe eré. Ṣùgbọ́n inú bí àwọn olùgbọ́ kan nítorí orin tí wọ́n yọ: wọ́n ní ẹ̀sìn ń di iṣẹ́ ọnà lẹ́nu. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan náà sọ ọ́: "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí ẹwà ohùn náà ló wù wọ́n?"

Mo ní: bí ìyá alákàrà bá fi lẹ́tà bàbá rẹ di àkàrà nítorí pé ìwé rẹ̀ dára, ṣé ó ti ka lẹ́tà náà? Ọlọ́hun ló ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú Al-Kùránì. Nínú Súúrà Al-A'ráàf, aayah 204, Ó pa á láṣẹ pé kí á tẹ́tí, kí á sì dákẹ́ bí wọ́n bá ń ké e. Nílé kéwú, a máa ń fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ waqf, nítorí pé ẹni tó bá dúró níbi tí kò yẹ lè da ìtumọ̀ rú. Ẹ̀rọ kò mọ waqf. Ibi tí ìlù bá fẹ́ ló ń gé aayah sí.

Síbẹ̀, ẹjọ́ mi lónìí kì í ṣe pẹ̀lú Byrne àti Eno. Àwọn gbọ́ ìkìlọ̀. Àwa ńkọ́? Ọmọ Mùsùlùmí ló ń ki ìlù bọ abẹ́ Faatiha lórí TikTok báyìí. Àwa la fi aayah ṣe ohùn ìpè fóònù, tó ń dún nínú ilé ìgbẹ́, tí a ń gé láàárín nítorí pé a fẹ́ sọ "hẹ́lò". Àjèjì yọ ọ́ kúrò, ọmọ onílé ń dá a padà! A lè máa sọ pé a nífẹ̀ẹ́ Al-Kùránì, àmọ́ ohun tí a ń gbọ́ kò ju orin lọ.

Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù yín lónìí. Ẹ bá ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣe é sọ̀rọ̀, láìbú u, láìhalẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló yanjú ti 1981.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Rẹ̀, tó sì ń tẹ̀ lé e. Aamiin.