Kẹ́ ẹ tó gun òrùlé nítorí tẹlifíṣọ̀n

Tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ máa ń ṣàìsàn kó tó kú. Bí àwòrán bá fẹ́ lọ, á kọ́kọ́ máa rọ òjò funfun, ohùn á máa ta bí epo gbígbóná, àwa náà á sì mọ̀ pé ó yẹ ká yí áńtẹ́nà díẹ̀. Díjítà tòde òní kì í ṣàìsàn. Ó ń mọ́ kedere báyìí, ó ti gan pa báyìí. Ojú oníròyìn á já sí wẹ́wẹ́, ó di òkùnkùn. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ládùúgbò wa ní Ìpata nìyẹn. Èrò tèmi ni pé ìjọba tó gbé ẹ̀rọ tuntun yìí wá kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀, torí wọn ò kọ́ aráàlú bí wọ́n ṣe ń wá àrùn tó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tá a ti ń bọ̀. Ọjọ́ 31, Oṣù Kẹwàá, ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ibadan. Fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, irin áńtẹ́nà lásán ló ń gbé àwòrán wá sílé wa. Nígbà tó di ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Yúróòpù fẹnu kò ní Geneva pé kí wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n lọ sórí díjítà, wọ́n sì fi 17, Oṣù Kẹfà, 2015 ṣe gbèdéke. Ọjọ́ náà kọjá lórí Nàìjíríà. Jos la ti bẹ̀rẹ̀ ní 30, Oṣù Kẹrin, 2016. Abuja tẹ̀ lé e ní Oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ó dé Ìlọrin ní Oṣù Kejìlá, 2017. Ẹ ra dikódà, ẹ so ó mọ́ áńtẹ́nà, ẹ máa wo FreeTV láìsan owó oṣooṣù. Ohun tó dáa ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá kan ládùúgbò wa tó ń ta ata lọ́jà Ìpata. Láàárọ̀, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ máa ń mọ́ bíi dígí. Tí wọ́n bá ti kírun Mògàríbì tán, ó parí. Àwọn ọmọ ní dikódà ló bàjẹ́. Ẹni tó ń tún un ṣe ní kó ra búsítà. Ó rà á, ọ̀rọ̀ tún burú sí i. Ẹlòmíràn ní kó kúkú lọ máa sanwó oṣooṣù fún ti sátẹ́láìtì, ìyá sì ti ń ṣírò owó náà nínú èrè ata.

Mo fi rìmóòtù ṣí ibi tí dikódà ti ń fi agbára ìgbì hàn. Mo ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa àwọn gílóòbù yìí lọ́kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé gílóòbù ló ń gbé àwòrán wá ni?"

Bá a ṣe pa ìkẹta, ìyẹn gílóòbù olówó pọ́ọ́kú kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà áńtẹ́nà, àwòrán padà. Irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ máa ń da ariwo sínú afẹ́fẹ́. Etí wa kì í gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n áńtẹ́nà ń gbọ́ ọ. Alẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń tàn án. Kò sí àǹjọ̀nú kankan níbẹ̀.

Kí ló dé tí búsítà kò ràn wọ́n lọ́wọ́? Ìlà méjì ló wà lójú dikódà. "Strength" ń sọ bí ohun tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó. "Quality" ń sọ bóyá ó yé dikódà. Ẹni tó bá ń ná ọjà Ìpata ò ní pẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn. Níbi táwọn alápatà ti ń pariwo, tí ọlọ́kadà ń fun fèrè, ohùn kún etí yín, síbẹ̀ ẹ lè má gbọ́ iye tí ẹlẹ́ran pe ọjà. Búsítà kì í ya ọ̀rọ̀ kúrò lára ariwo. Méjèèjì ló ń gbé sókè pọ̀.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ má gé dikódà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ gílóòbù. Ẹ kọ́kọ́ bi aládùúgbò bóyá tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ló kú, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé ìgbì jáde ni wàhálà wà, kì í ṣe orí òrùlé yín. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà, bóyá òjò ti wọ̀ ọ́. Ẹ sún áńtẹ́nà díẹ̀, torí ìgbì yìí kò gùn ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ, ìwọ̀n apá kan lè yí gbogbo ẹ̀ padà. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí mẹ́ta pọ̀ ò ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́.

Àwọn kan á ní ta ló tún ń wo áńtẹ́nà, ṣebí fóònù wà. Dátà tó lè gbé tàfúsírì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nínú oṣù Ramadan, èló ni? Fóònù ẹnì kan kò sì lè tó gbogbo agboolé wò. Ìròyìn ọ̀fẹ́ ni tálákà fi ń mọ ohun tí ìjọba ń ṣe sí i.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn aláṣẹ sọ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, láti Ìpata títí dé ẹ̀yìn ìlú, ìhà tó yẹ kí áńtẹ́nà wọn kọjú sí. Kí wọ́n kọ́ àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nílùú ní bí wọ́n ṣe ń ka ìlà méjì yẹn. Nígbà tí ẹ̀rọ wọn fúnra ẹ̀ bá sì dákẹ́, kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ náà gan-an, kí bàbá àádọ́rin ọdún má baà máa gun páànù lórí àrùn tí kò sí nílé ẹ̀.