Àga Ìrọ̀gbọ̀kú Tó Ní Táyà

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ń fọwọ́ pààrọ̀ jíà lóde òní? Ṣé dánfó lẹ ń wà ni?"

Níbi ìkómọ kan ní London ni ọ̀gbẹ́ni kan ti sọ ọ̀rọ̀ yìí sí mi, gbogbo tábìlì sì bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, ọ̀rọ̀ náà ò tíì dà nínú mi. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ló bú ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó bú iṣẹ́ ọwọ́, ó bú awakọ̀ dánfó, ó sì bú ọkọ̀ wíwà fúnra rẹ̀.

Kí n tó ro ẹjọ́ mi ni n ó ti dá a: ọkọ̀ asáré tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tí kò ní jíà tí awakọ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí, kì í ṣe ọkọ̀ asáré. Àga ìrọ̀gbọ̀kú tó ní táyà ni. Ìbáà wọ́n ju ilé lọ, ìbáà pupa bí ẹyin iná, àga ìrọ̀gbọ̀kú ni.

Ọkọ̀ tuntun tó ń lo iná mànàmáná ni ọ̀gbẹ́ni yìí ní. Ó ní láti ojú kan tó bá dúró sí, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló fi ń sáré dé ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé ẹran dé. Mo bi í pé, "Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn ńkọ́?" Ó ń wò mí. Kò rí èsì fọ̀, torí pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ṣe ìyókù. Bí ìyá rẹ̀ àgbà bá tẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta náà ni. Ẹni tó wọ bàlúù láti Ìkẹjà dé London náà sáré, ṣùgbọ́n kò ní délé kó máa sọ fún àwọn ọmọ pé òun lòun wa bàlúù. Kí wá ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń fi yangàn? Ìyàwó tí a fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ bá ra èyí tó ń lo ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀, ìfẹ́ parí nìyẹn.

Ó tún ní mánúà, jíà tí à ń fọwọ́ yí yìí, ti kú. Bó bá ti kú, ta ló ń jí i dìde? Porsche yọ mánúà kúrò nínú 911 GT3 lọ́dún 2013, ariwo sì ta. Nígbà tó di 2016, wọ́n ṣe 911 R, mánúà nìkan, 991 péré, àwọn olówó sì ń jà dù ú. Lọ́dún 2017, wọ́n dá mánúà padà sínú GT3. Toyota gbé Supra tuntun jáde lọ́dún 2019, ọ́tò nìkan, èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2022, wọ́n fi mánúà kún un. Àwọn awakọ̀ ló ké tí wọ́n fi dá a padà.

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti Hyundai. Lọ́dún 2023, wọ́n gbé ọkọ̀ oníná kan jáde tí wọ́n ń pè ní Ioniq 5 N. Kò sí jíà kankan tí awakọ̀ ní láti yí nínú rẹ̀. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n fi jíà irọ́ sí i! Bí awakọ̀ bá fa irin tó wà lẹ́yìn sítíárìn, ọkọ̀ á ta gìrì bí ẹni pé jíà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, sípíkà á sì máa ké bí ẹ́ńjìnì tí kò sí níbẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Bí mánúà bá jẹ́ ìyà, kí ló dé tí àwọn tó ní àwọn gbà wá lọ́wọ́ ìyà tún jókòó ṣe ayédèrú ìyà náà? Owó ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀; kò sẹ́ni tó ń ṣe ayédèrú ewé gbígbẹ.

Mazda MX-5 ni tèmi, ọkọ̀ kékeré oníjòkòó méjì. Ọdún 1989 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde, nígbà tó sì di 2016, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan. Agbára ẹṣin 184 ló wà nínú tèmi, ó fi díẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ti ọ̀gbẹ́ni yẹn lé ní tọ́ọ̀nù méjì. Àwọn ará Japan tó ṣe é ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń júwe rẹ̀, jinba ittai: ẹṣin àti ẹni tó gùn ún di ara kan ṣoṣo. Ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Yorùbá? Ọ̀yọ́ Ilé gbójú lé ẹlẹ́ṣin kó tó di ọba lórí ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹlẹ́ṣin tó mọṣẹ́ kì í tẹ ẹṣin bí ẹni tẹ bọ́tìnì; ọwọ́ rẹ̀ lórí ìjánu ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ti ń gbádùn tèmi ni Brands Hatch, pápá ìsáré ọkọ̀ kan ní Kent. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún àwa awakọ̀ lásán, wọ́n á ka òfin fún wa láàárọ̀, a ó dé akoto, a ó tò jáde. Igun àkọ́kọ́, Paddock Hill, ọwọ́ ọ̀tún ló yà sí, ilẹ̀ sì já wálẹ̀ lójijì: o ò ní rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí wàá fi bọ́ sínú rẹ̀. Jíà kẹrin ni mo fi ń bọ̀. Ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún á tẹ bíréèkì, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kan náà á ta tọ̀rọ́tù lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ òsì á rọ kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ á sì ti fa jíà kẹta wọlé kí n tó mí. Bí mo bá ṣe é láṣìṣe, ọkọ̀ á jágbe mọ́ mi. Bí mo bá ṣe é rẹ́gí, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn tẹ̀ wọ igun náà, inú mi á gbé sókè bí ìgbà tí wọ́n ju ọmọdé sókè, a ó sì ti máa gun òkè lọ sí Druids, igun tó tẹ̀ lé e. Wọn kì í gbà kéèyàn wọn àkókò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe ìdíje. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ wíwà kò níṣẹ́ kankan tó fẹ́ fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣe.

Ta ló sì sọ pé èébú ni dánfó? Mi ò gbè sẹ́yìn eré àsápajúdé tí wọ́n ń sá lójú títì. Ṣùgbọ́n ẹ wo awakọ̀ dánfó ní Ọ̀ṣòdì: kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán, jíà kejì ń fò jáde, abẹ́rẹ́ tó ń ka eré ti kú tipẹ́. Etí ló fi ń mọ ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń bẹ̀bẹ̀ fún jíà kẹta. Gbé ọ̀gbẹ́ni oníṣẹ́jú àáyá mẹ́ta síbẹ̀, kò ní kúrò lójú kan.

Níwọ̀n ìgbà tí inú ti ń bí mi, n ó sọ ti jíìpù pẹ̀lú. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀ gbọ́ orúkọ mi, kò tilẹ̀ bi mí ohun tí mo wá rà. Ìdí jíìpù ló mú mi lọ tààrà, ó ní ohun tí àwa ará Nàìjíríà ń fẹ́ nìyẹn. Mo kúrò níbẹ̀. Títí dòní, bí mo bá rí ẹnì kan ṣoṣo nínú jíìpù oníjòkòó méje tó dí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé pa, ọkùnrin yẹn ni mò ń rí. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé kò parọ́ tán. A ti sọ ọkọ̀ di agbádá, ohun tí à ń gbé wọ̀ kí wọ́n lè rí wa lókèèrè.

Bàbá mi kò wa ọkọ̀ kí wọ́n lè rí i. Peugeot 504 ló ní, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, ọdún tí 504 kan náà gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Òkè Mápó, n'Ìbàdàn, ló ti kọ́ mi. Á ní kí n dúró sí ìdajì òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á gbé páálí ìṣáná sẹ́yìn táyà. Á ní, "Gbéra. Bí o bá tẹ ìṣáná mi fọ́, ẹsẹ̀ lo ó fi délé." Páálí mẹ́fà ni mo tẹ̀ fọ́. Lọ́jọ́ tí ìkeje yè, ó yọ ìṣáná kan nínú páálí náà, ó fi tan sìgá rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó wọlé jókòó. Kò sí ọkọ̀ oníṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó lè fún mi ní ọjọ́ yẹn.

Àga ìrọ̀gbọ̀kú tó ní táyà ni, mo tún sọ ọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an mọ ìyàtọ̀: ẹni tó bá fi ọ́tò ṣe ìdánwò ìwakọ̀ kò láṣẹ láti wa mánúà, ṣùgbọ́n ẹni tó fi mánúà ṣe é lè wa méjèèjì.

Nítorí náà, bí ìwé ìwakọ̀ ọ̀gbẹ́ni yẹn bá gbà á, kó wá sọ́dọ̀ mi. Òkè kékeré kan wà lẹ́yìn ilé mi. N ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ MX-5, n ó sì gbé páálí ìṣáná kan sẹ́yìn táyà. Bí ìṣáná bá yè, kó tún bú mi níbi ìkómọ mìíràn, n ó jẹun mi, n kò ní fèsì.